Ìyàwó Ilé Kì í Ṣe Àlejò

Ọmọ mi, ọkọ mi kékeré,

Kí o tó kà á jìnnà, mo bẹ̀ ọ́, má fi ìwé yìí han àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ìkọ̀wé mi ò dára. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo kà dé tí wọ́n fi ní kí n wá máa pọn àbúrò mi, láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi ti mọ orógùn ju kálàmù lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tètè wá. Bí mo bá kọ ọ̀kan tán, mo máa ń dúró wò ó bóyá ó máa ṣubú. Ibi tí o bá ti rí i tí yíǹkì ti pọ̀ jù, má rò pé nǹkan ló dà sí i, ibẹ̀ ni mo ti ń ronú.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé gíga tí ò ń gbé yẹn, ṣé ó ṣì dúró? Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà fún kí n tó gbàdúrà fún ìwọ fúnra rẹ, torí bí òun bá yẹ̀, ìwọ náà wà lókè rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé yín lọ sókè níbi iṣẹ́ kò ní gbé ọ lọ síbi tí o ò rán an. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pín oore nílùú ńlá, wọn ò ní fo orúkọ rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣe àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀. Àmín.

Ilé wà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kí ọ, orúnkún ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu wọn dá ṣáṣá. Adìẹ funfun yẹn ti kó ọmọ jáde. Télọ̀ iwájú ilé ti ra ẹ̀rọ tó ń lo iná, bí iná bá ti lọ, á jókòó ti aṣọ oníbàárà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò látọjọ́ yìí ti dákẹ́, wọ́n ti bá mi dí i.

O máa ní ta ló dí i. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Gbogbo ìgbà tí mo pè ọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí o ní kí ló dé, tí mo ní kò sí, mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ ni, nǹkan kan wà. Ó máa dé ètè mi, ojú á tì í, á padà. Ìyá wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ tó bí? Jẹ́ kí n kọ ọ́ kíákíá kí ọwọ́ mi tó gbọ́n. Mo ti lọ́kọ.

Ó ti jáde. Mo dìde lọ mumi, mo padà wá wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ ti lọ sinmi láti ìgbà tí o ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé relé ìwé, ìwọ náà sì ti ń fá irùngbọ̀n báyìí, kò sẹ́ni tó lè ní mo kánjú. Ọkùnrin náà ni olùṣọ́ odi olókùúta tó wà létí omi, èyí tí àwọn òyìnbó kọ́ nígbà tí wọ́n wá gba ilẹ̀ mọ́ àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn odi náà, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n ní Oníkọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wàá ti gbọ́ wọn kí o tó rí wọn. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí tipẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti wà nílé ọkọ. Àwọn ni wọ́n wá dí òrùlé mi. Wọ́n padà wá wò ó bóyá ó ṣì ń jò. Wọ́n tún padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, ọkùnrin tó bá ń wá wo òrùlé tó ń jò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òrùlé kọ́ ló ń wò.

A ò pariwo. Wọ́n gbàdúrà fún wa, a jẹun, àwọn èèyàn lọ sílé wọn. Wọ́n bi mí pé ọmọ mi ńkọ́, mo ní màá sọ fún un, mo sì ń sọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì jókòó. Lọ́jọ́ tí mo kó dé ni Oníkọ́kọ́rọ́ ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé, mo so ó mọ́ etí ìró mi, mi ò tíì fi ṣí nǹkan kan. Bí mo bá ti ọjà dé, mo máa ń kan ilẹ̀kùn ni. Mo sọ fún wọn pé ó di ìgbà tí ọmọ mi bá ní ó dáa. Wọn ò bínú. Wọ́n á dìde nídìí ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní káàbọ̀, ìyàwó, èmi á sì bojú wẹ̀yìn kí n mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Ǹ bá ṣì máa fa ìwé yìí nílẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tó fi di pé mo gbọ́dọ̀ sáré. Oníkọ́kọ́rọ́ ló ní kí n wá wo ibi iṣẹ́ àwọn. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí o rà fún mi, mo ta ìborùn lé e. Mo rò pé inú odi la máa wọ̀ tààrà, àṣé wọ́n ti kọ́ ilé tuntun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, ilé ìgbàlejò ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀kùn rẹ̀ rí mi lókèèrè, ó sì ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní ẹ ṣé. Oníkọ́kọ́rọ́ ò fẹ́ràn ilẹ̀kùn yẹn rárá, wọ́n ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún gbogbo ayé kì í ṣe ilẹ̀kùn, aláìnítìjú ni. Afẹ́fẹ́ tútù ń jáde lára ògiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, mo wá ń rọra gbẹ́sẹ̀ kí n má tẹ ara mi mọ́lẹ̀.

Ohun kan dùn mí níbẹ̀. Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ta ló ń gbowó lọ́wọ́ àlejò tí kò tíì fún un lómi mu? Omi náà kúkú wà níbẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan tó ń tanná, ṣùgbọ́n títà ni. Ojú tì mí fún ilé ọkọ mi. Mo sọ nínú ara mi pé bí mo bá mọlé dáadáa, màá bá wọn tún ìyẹn ṣe.

Oníkọ́kọ́rọ́ ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn, pé ẹnì kan máa mú mi yí ká. Wọ́n fi nǹkan dúdú kan bò mí létí, wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n bá lọ ṣí ilẹ̀kùn wọn. Bí mo ṣe dúró báyìí ni ọkùnrin kan kí mi káàbọ̀ nínú etí mi. Mo kúnlẹ̀ láàárín ilé. Ohùn rẹ̀ dára, ohùn ẹni tó jẹun yó. Mo ní ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Kò dá mi lóhùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ, mo ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo mọ̀ pé ará ilé ọkọ mi kan ni, ó sì lè kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, àgbà ìyàwó ni. Ohun tó ń ká mi lára ni owó ìpè tó ń jó lórí mi. Mo bá ń sáré káàkiri kí ó lè tètè sọ̀rọ̀ tán kó sinmi. Kàkà kó sinmi, bí mo bá ti sáré dé iwájú nǹkan míì, ló bá tún bẹ̀rẹ̀.

Mo rí àwọn ìbọn ńlá tó dojú kọ omi. Mo rí àga ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tí wọ́n fi jọba lé àwọn baba ńlá wa lórí nígbà náà, wọ́n na okùn yí i ká kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i. Ìyẹn yé mi. Àga onílé ni, bí kò bá tiẹ̀ sí nílé. Mo wá dé yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ọkùnrin náà ní ibẹ̀ ni wọ́n ń ti àwọn tó kọ̀ láti sanwó orí mọ́, pé àwọn ìyá wọn máa ń dúró lẹ́yìn ògiri láti pe orúkọ wọn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo fọwọ́ kan ògiri yẹn, ó tutù. Mo ní ẹ kú ìrọ́jú. Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dàbí ohùn ẹni tó lè gbọ̀rọ̀ pamọ́, ni mo bá sọ ọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ìlú ńlá lẹ ti ń pè, ọmọ mi wà níbẹ̀, ó ga, ó ní àpá kékeré lágbọ̀n, ẹ bá mi sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti lọ́kọ, pé ọkùnrin náà dáa, kó má dì mí sínú. Ó wá ní kí n máa bọ̀ ní yàrá tó kàn. Mo mọ̀ pé ó ti gbà.

Yàrá tó kàn ni ilé ìdáná ajẹ́lẹ̀. Ìkòkò irin ńlá kan wà lórí ààrò, ó dú bí òru. Ọkùnrin náà ní kí n wo ìkòkò yẹn dáadáa. Ó ní èéfín tó wà lára rẹ̀ ti pẹ́ ju ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni tó wà láyé lọ, pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi, ara mi gbóná. Ìwọ náà wò ó. Bí ará ilé ọkọ bá ní kí ìyàwó tuntun wo ìkòkò dáadáa, ṣé wíwò ló ní kó wò ó? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Wọ́n kúkú na okùn síwájú ààrò náà, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n na okùn fún, ìyàwó ilé kì í ṣe àlejò. Mo ká ìró mi sókè, mo gba abẹ́ okùn kọjá.

Ẹ̀rọ omi kan wà lágbàlá. Ìkòkò náà wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, mo yí i dé ibẹ̀. Mo bu yanrìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ọkùnrin náà ṣì ń sọ̀rọ̀ létí mi, mo ní ẹ fara balẹ̀, mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ ni àwọn àlejò yí mi ká. Wọ́n rò pé iṣẹ́ mi ni láti máa fi han èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Wọ́n ń fi fóònù ya mí, obìnrin kan bẹ̀ mí pé kí òun bá mi ha díẹ̀, mo fún un ní yanrìn. Nígbà tí irin funfun yọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń fọ ìkòkò láyé mi, wọn ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Ìgbà náà ni ọ̀gá ilé ìgbàlejò yọ, ọmọdébìnrin kan tó wọ gíláàsì, bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò. Ó rí ìkòkò, ó figbe ta, ó di orí mú. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu, pé ẹ̀gbẹ́ kan ló kù. Ó ní èéfín yẹn ni àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò! Mo ní èéfín? Ó ní èéfín! Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìkòkò elééfín wà nílé mi tó tó mẹ́ta, pé mo lè lọ kó wọn wá fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn àlejò tún pàtẹ́wọ́. Ó wá bi mí pé ta ló mú mi wá síbí.

Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ Oníkọ́kọ́rọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní èmi ni mo mú ara mi wá.

Ni mo bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń sáré bọ̀, gbogbo ara wọn ń dún. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí yanrìn bò mí dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n wo ọ̀gá. Ọ̀nà àtisẹ́ mi ṣí sílẹ̀ gbayawu, torí mo ti ní èmi ni mo mú ara mi wá. Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí fìlà. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ni. Wọ́n sọ ọ́ sókè, níwájú ọ̀gá, níwájú àwọn àlejò, níwájú àwọn ìbọn. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá jẹ̀bi, àwọn ni, àwọn ló gbàgbé láti sọ fún mi pé nínú ilé yìí, ìdọ̀tí ni ọrọ̀.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohunkóhun tó bá ti dàgbà jù mí lọ nínú odi yẹn, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Oníkọ́kọ́rọ́ bá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá, àwọn náà dàgbà jù mí lọ, ṣé òfin yẹn kan àwọn ni? Hà! Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá fẹ́ mú ojú le, gíláàsì rẹ̀ ń mì nímú. Èmi fi ìborùn bojú, mi ò ṣí i títí a fi délé. Jọ̀ọ́, má ka ibí yìí sókè.

Iṣẹ́ wọn ò bọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí mi ò tíì fọ̀ dé ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí àwọn àlejò báyìí, èyí tí mo fọ̀ wà lọ́dọ̀ ògiri. Ṣùgbọ́n lọ́nà ilé, Oníkọ́kọ́rọ́ ní ọkùnrin tó wà létí mi kò sí lórí fóònù, pé wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo ayé. Mo ní báwo ló ṣe wá mọ̀ pé mo ti dé ìdí ìkòkò? Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kọminú. Bóyá ó jíṣẹ́ mi fún ọ, bóyá kò jẹ́ ẹ. Ó tún wá di àná, télọ̀ sáré wá, ó ní òun rí mi nínú fóònù pẹ̀lú yanrìn lọ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó olùṣọ́ odi. Ó ní irú àwòrán yẹn kì í dúró síbì kan, pé ó lè ti dé ìlú ńlá. Mo ní kí ló gbé e lọ, ó ní ara rẹ̀ ló ń gbé. Mi ò fẹ́ kí o pàdé ọ̀rọ̀ yìí níbòmíì kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òun ni mo ṣe gbé kálàmù láti òwúrọ̀.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ ra bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, mo sì fẹ́ padà lọ kí ọ̀gá yẹn rí mi lọ́wọ́ òfo. Kí o fi owó káàdì ìpè kún un fún ọkùnrin inú ẹ̀rọ yẹn, bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kò sí níbẹ̀, ó bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tí mo fẹ́ jù ò ní ná ọ ní kọ́bọ̀. Ó dáa, Màámi. Kí o ṣáà sọ ìyẹn. Bí ò bá sì dáa lójú rẹ, sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mi ò ní bínú, màá ṣì máa kanlẹ̀kùn títí tí yóò fi dáa.

Ọlọ́run á ṣe ibi gbogbo ní ilé fún ọ. Ilẹ̀kùn tí o bá dé iwájú rẹ̀ á rí ọ lókèèrè, á sì ṣí fún ọ bíi ti ilé ìgbàlejò, láìsí kọ́kọ́rọ́, láìsí pé o

Dúró. Fóònù mi ń dún nínú ilé, ibi tí mo ti ń cháàjì rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń kọ̀wé yìí, atẹ́gùn sì ti ti ilẹ̀kùn pa. Oníkọ́kọ́rọ́ ti gbé e. Wọ́n ní ta nìyẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ni. Háà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè mí, wọ́n ní ìyàwó, wá o, ọmọ rẹ ló wà níbí, ó ti rí ìkòkò, ó ní kí àwọn bá òun pe ìyàwó àwọn. Mo ti jẹ́ hoo kí n tó mọ̀, mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní ṣé kò sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ni. Má gé e o, ọmọ mi, mò ń tú u létí ìró mi, mo so ó le jù, jẹ́ kí n kọ èyí sí i kí n tó gbàgbé, pé inú mi